Mo ti buwọ́ lu ìwé ilé ní Jámánì: ṣé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló dè mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Mo gba ilé ní Hamburg lọ́dún tó kọjá. Onílé gba owó ìdógò oṣù 5 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mo gbọ́dọ̀ kun gbogbo ilé kí n tó kó jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ògiri ti ń ṣí kí n tó wọlé. Ó ní mo ti buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. BGB, ìwé òfin tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì láti ọdún 1900, fún ẹni méjì láyè láti ṣe àdéhùn bó bá ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n òun náà ló pààlà sí i: àdéhùn tí ó lòdì sí ohun tí òfin kà léèwọ̀ (abala 134), tàbí tí ó tako ìwà ọmọlúàbí (abala 138), kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹni yòówù tó buwọ́ lù ú.

Ní ti ilé gbígbà, ààlà náà tún le sí i. Abala 551 sọ pé owó ìdógò kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù 3 lọ, láìka owó omi àti ti ìmúlémóoru mọ́ ọn, àti pé ayálégbé lè san án ní ìgbà mẹ́ta lóṣooṣù. Kò sí àdéhùn tó lè yí èyí padà láti fi ni ayálégbé lára, kódà bí ẹ bá jọ jókòó dúnàádúrà lé e lórí. Owó oṣù 2 tó lé, tiyín ni. Ẹ lè béèrè rẹ̀ nísinsìnyí láìdúró dìgbà tí ẹ bá ń kó jáde.

Ti ọ̀dà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tó kọ gbólóhùn náà ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù tí onílé ti tẹ̀ sílẹ̀ ni, abala 307 yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ni yín lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fún irú ẹjọ́ yìí, ní Karlsruhe, dá a pé onílé tó fa ilé tí a kò kùn léni lọ́wọ́ kò lè fi fọ́ọ̀mù di ẹrù ọ̀dà lé ayálégbé lórí, àfi bó bá fún un ní ohun tó tó dípò rẹ̀. Fọ́tò ògiri àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ni ẹ̀rí yín. Láìsí wọn, ẹjọ́ tó dára lè bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ má tìtorí èyí dá owó ilé dúró o, torí ìyókù ìwé náà ṣì dè yín. Ẹ fi lẹ́tà béèrè owó oṣù 2 náà, kí ẹ sì tètè ṣe é: ọdún 3 péré ni òfin fún yín, láti ìparí ọdún tí ẹ san án.