Èrìgì màmá mi ń ṣẹ̀jẹ̀: ṣé kí n tú doxycycline sí wẹ́wẹ́ fún wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Màmá mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, eyín iwájú méjì ti ń mì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní oògùn apakòkòrò doxycycline oníwọ̀n 20 miligíráàmù ni wọ́n ń fún irú wọn lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Oníhóró 100 nìkan ni mo rí ní kẹ́mísítì àdúgbò wa. Ṣé kí n tú u, kí n pín in sí márùn-ún?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú u. Ojú kì í wọn lẹ́búlẹ́bú oògùn: òní ó lè kéré, ọ̀la ó lè di ìlọ́po méjì. Lẹ́búlẹ́bú doxycycline tún máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá sì pọ̀ jù fún oṣù mélòó kan, ó máa ń mọ́ kòkòrò lára. Lọ́jọ́ tí màmá bá wá nílò rẹ̀ gidi, ó lè má ràn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́ o. Láti 1998 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oníwọ̀n 20 náà fún àrùn èrìgì. Ṣùgbọ́n ó kéré jù láti pa kòkòrò. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Bí kòkòrò bá wọ abẹ́ èrìgì, ara máa ń tú èròjà kan jáde tó ń jẹ àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó so eyín mọ́ egungun. Tí ṣúgà bá ga, èròjà yìí á pọ̀ lápọ̀jù. Òun ni doxycycline kékeré ń dá lọ́wọ́ kọ́. Ní 1983, Lorne Golub, olùṣèwádìí àrùn èrìgì, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York lo minocycline, mọ̀lẹ́bí doxycycline, fún àwọn eku tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àwọn kan nínú eku wọ̀nyẹn ò ní kòkòrò kankan lára, síbẹ̀ èròjà tó ń jẹ èrìgì wọn lọ sílẹ̀.

Àmọ́ oògùn ò lè ha ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín lábẹ́ èrìgì. Búrọ́ọ̀ṣì ò lè ha á, pákò ò lè ha á. Irin iṣẹ́ wa ló ń ha á. Ẹnu àwa oníṣègùn ò sì kò lórí oògùn náà: ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà fara mọ́ ọn ní 2015 gẹ́gẹ́ bí àfikún sí fífọ abẹ́ èrìgì, ní 2020, àwọn ti Yúróòpù dábàá pé ká má lò ó. Ní tèmi, mi ò ní fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú màmá.

Fífọ abẹ́ èrìgì ni kí ẹ náwó lé. Ó máa ń mú kí àyẹ̀wò ṣúgà olóṣù mẹ́ta (HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn) wálẹ̀ ní nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ṣúgà ń yọ lẹ́nu. Dókítà á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n sàmì sí bọ àárín eyín àti èrìgì, láti wọn bí ihò ibẹ̀ ṣe jìn tó: mílímítà mẹ́ta sísàlẹ̀ ò burú, mẹ́rin sókè ń fẹ́ àmójútó. Wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta. Bí ihò náà ò bá dín, tí dókítà wá kọ oníwọ̀n 20, kí màmá fi omi kún ife gbé e mì lórí ìjókòó, kí wọ́n má sùn lé e. Kí wọ́n má fi mílíìkì lò ó, kí oògùn afúnni-lẹ́jẹ̀ (èyí tó ní èròjà irin) àti oògùn ọgbẹ́ inú (antacid) má sì bá a pàdé.

Tí ojú bá wú tàbí ibà bá dé, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n lọ láàárọ̀, kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò ṣúgà dání, kí wọ́n sì ti jẹun, kí wọ́n ti lo oògùn ṣúgà wọn, kí wọ́n tó jókòó sórí àga dókítà eyín.