Riákítọ̀ wà nítòsí ilé tá a fẹ́ gbà ní Grenoble, ṣé kò léwu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìyàwó mi ríṣẹ́ ìwádìí sí Grenoble ní Faransé, ilé tá a rí ò jìnnà síbi tí tram B parí sí, ẹnì kan wá ní riákítọ̀ núkílíà wà níbẹ̀. Ọmọ wa ò ju ọdún mẹ́ta lọ. Ṣé ká wá ilé míì ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire iṣẹ́ o. Òótọ́ ni, riákítọ̀ wà níbẹ̀, ní ilé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ILL, nítòsí ibi tí odò Drac àti Isère ti pàdé, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1971. Àmọ́ kì í ṣe irú èyí tó ń pèsè iná o! Ooru tó ń mú jáde ò ju mẹ́gáwáàtì 58 lọ, èyí tó kéré jù nínú àwọn tó ń pèsè iná ní Faransé ju 2,500 lọ, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Yuréníọ̀mù inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi kílò 10, neutron (ègé tín-tìn-tín inú átọ́ọ̀mù) tó ń jáde lára ẹ̀ ni wọ́n ń darí lọ bá àwọn tó fẹ́ rí inú irin tàbí inú bátìrì láì tú u. ESRF, ilé ìwádìí míì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ní òrùka ńlá tí yípo ẹ̀ jẹ́ mítà 844, x-ray nìyẹn ń mú jáde, kì í ṣe riákítọ̀, tí wọ́n bá ti pa á, ó parí.

Tó bá jẹ́ èmi, màá gbalé yẹn. Àmọ́ ẹ bèèrè ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) bóyá ó bọ́ sí agbègbè tí ètò pàjáwìrì ILL kàn (PPI ni wọ́n ń pe ètò náà), tó bá bọ́ síbẹ̀, ẹ bèèrè tábúlẹ́ẹ̀tì ayodíìnì. Ó kàn ń kún inú thyroid, ẹ̀yà ara kan lọ́rùn, ni, kí ayodíìnì olóró tó lè jáde látinú riákítọ̀ má ráyè wọbẹ̀, kò dènà nǹkan míì, ẹ má sì lò ó àfi tí préfet (aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè náà) bá ní kẹ́ ẹ lò ó, ìwọ̀n tọmọdé sì yàtọ̀ sí tàgbà.

Tẹ́ ẹ bá gbọ́ siren láago méjìlá ọ̀sán Wednesday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ má gbọ́mọ sáré o, wọ́n ń dán an wò ni. Tó bá dún lọ́jọ́ míì, ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan rédíò, ẹ má sì lọ mọ́mọ ní school, àwọn tíṣà mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Èéfín gan-an ló máa kọ mí lóminú. Òkè yí Grenoble ká, nígbà òtútù èéfín mọ́tò àti ti igi ìdáná kì í ríbi gbà jáde. Ọ̀nà márosẹ̀ A480 sì gba ẹ̀bá Drac kọjá níbẹ̀, ẹ rí i pé fèrèsé yàrá ọmọ ò kọjú sí i.