Ẹṣin wa ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan pọ̀, ṣé àìsàn ni?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsánlú la wà. Ẹṣin tí a rà láti òkè Ọya fún oyè bàbá wa, tó bá ti fẹ́ yára báyìí, ńṣe ló máa ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, á tún wá gbé tòsì méjèèjì. Àwọn èèyàn ní ó ti yarọ, ká dá a padà fẹ́ni tó tà á. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Okun o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tíì dá a padà o, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹṣin tí gbogbo wa mọ̀, tó bá kúrò ní ìrìn pẹ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti tẹ̀yìn òsì ló máa ń jọ gbé, á fò díẹ̀ kó tó wá gbé méjì tó kù, òun ló ṣe máa ń jan ìdí èèyàn mọ́ gàárì. Àmọ́ àwọn ẹṣin kan wà tí wọ́n bí ìrìn mìíràn mọ́. Ti Iceland ní ìrìn kan tó ń jẹ́ tölt: ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń balẹ̀, kò-kò-kò-kò, kò sì sígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa kúrò nílẹ̀ pọ̀, bó ti wù kó yára tó. Èèyàn máa ń gbé ife bíà tó kún dẹ́nu lọ́wọ́ gùn ún tí ò ní dà, bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń ru omi bọ̀ láti odò láì fọwọ́ dì í. Àwọn kan nínú ẹṣin yìí kan náà tún ní skeið, ìyẹn ni tiyín fara jọ, ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jọ lọ, eré burúkú ni, wọ́n fi ń díje. Ẹṣin tó ń jẹ́ Paso Fino, ti Puerto Rico àti Kòlòmbíà, ní tiẹ̀, níbi ìdíje wọ́n máa ń mú un gba orí pákó kọjá kí wọ́n lè fetí gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dún dọ́gba. Lọ́dún 2012 ni àwọn onímọ̀ ní Sweden fi hàn pé jíìnì kan, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó ń jẹ́ DMRT3, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ló yí padà lára irú ẹṣin bẹ́ẹ̀. Àjogúnbá ni, kì í ṣe àrùn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ tiyín? Ṣé ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á ló ti ń rìn bẹ́ẹ̀ àbí òjijì ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan fà á sáré díẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, kó má fún okùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wo orí ẹ̀. Ẹṣin tẹ́sẹ̀ iwájú ń dùn máa ń gbé orí sókè tí ẹsẹ̀ yẹn bá balẹ̀, á wá tẹrí ba sórí èyí tó dá ṣáṣá. Tórí bá ń mì dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọwọ́ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, tàbí ó ń rùn lábẹ́, tàbí òkúta há síbẹ̀, ẹ tètè mú un wá sí Kàbbà kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́nikẹ́ni má so ó lẹ́sẹ̀ tàbí nà án torí kó lè rìn bíi tàwọn yòókù. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i. Ní Amẹ́ríkà àwọn kan máa ń fi kẹ́míkà jó ẹsẹ̀ ẹṣin wọn kan tó ń jẹ́ Tennessee Walker kó lè máa gbé e sókè gegere, ìyẹn ni wọ́n ṣe ṣòfin lé e lórí lọ́dún 1970. Tára tiyín bá dá, ẹ jẹ́ kí bàbá gùn ún bó ṣe wà.