Má ra waya USB mìíràn: bí a ṣe ń wọn ìyára rẹ̀ nìyí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Ọ̀mù-Àrán. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ṣàkọsílẹ̀ iná bátìrì, ṣíìpù FT232R, tó ń so ẹ̀rọ náà mọ́ USB, ló wà lára rẹ̀. Waya USB ni mo fi ń gba àkọsílẹ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà Linux mi, bíìtì 115200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo sì fi ìyára sí. Fáìlì báìtì 1,000,000 yẹ kó parí ní ìṣẹ́jú àáyá 69 nínú ìṣirò mi, àmọ́ 87 ló ń gbà. Tí mo bá wá ń bi ẹ̀rọ náà ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi báìtì 8 dáhùn, ìgbà 1,000 ń gba ìṣẹ́jú àáyá 16. Mo ra waya mìíràn, kò yàtọ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ ìyára rẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Àbúrò, kú iṣẹ́ o. Má ra waya mọ́. 87 tí o rí yẹn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Báìtì kan, tó jẹ́ bíìtì 8, kì í dá rìn lórí serial, ọ̀nà tí bíìtì ń gbà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ kan ń ṣíwájú rẹ̀, bíìtì ìparí kan ń kẹ́yìn rẹ̀. Bíìtì 8 di 10. Fi 10 pín 115,200, báìtì 11,520 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mílíọ̀nù kan á sì gba 86.8.

Ti ìdáhùn kéékèèké yẹn ló ṣe pàtàkì sí mi. O mọ bí mọ́tò ṣe ń ṣe ní gárèjì nílùú Ìlọrin níbí: dẹ́rẹ́bà kì í gbéra tí èrò kò bá tíì kún. Bí FT232R ṣe ń ṣe nìyẹn. Báìtì 62 ló fẹ́ kó pé kó tó gbé wọn lọ sí kọ̀ǹpútà. Bí wọn kò bá pé, á dúró títí mìlísẹ́kọ́ǹdì 16 á fi kọjá (1,000 mìlísẹ́kọ́ǹdì ni ìṣẹ́jú àáyá kan), kó tó gbé ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀. Báìtì 8 tìrẹ ń jókòó sínú mọ́tò tí kò kún, nígbà 1,000. Mìlísẹ́kọ́ǹdì 16 lọ́nà 1,000, ìṣẹ́jú àáyá 16 rẹ nìyẹn géérégé.

Wo inú /sys/bus/usb-serial/devices/ttyUSB0/latency_timer, fáìlì tí Linux ń kọ àkókò ìdúró yẹn sí; 16 ni wàá bá níbẹ̀. Fi àṣẹ root (alákòóso kọ̀ǹpútà) kọ 1 sí i. Tí o bá yọ waya tí o tún kì í bọ̀ ọ́, á padà sí 16, nítorí náà tún un kọ kí o tó wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà méjì ni kí o máa gbà wọ̀n ọ́n, má pa wọ́n pọ̀. Ti fáìlì ńlá, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á ni kí o ti wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ni mo ti ń wọ̀n. Mo fi báìtì 4,000 ránṣẹ́ ní 9600; Python, èdè tí mo fi kọ ètò náà, ní ó ti lọ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ iná kékeré tó wà lára pátákó ẹ̀rọ tí mo ń lò ṣì ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 4. Linux ló gba ẹrù náà lọ́wọ́ mi tó kó o pa mọ́, kò tíì dé ibì kankan. Láti ọjọ́ náà, báìtì àkọ́kọ́ tó bá dé ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ aago, èyí tó kẹ́yìn ni mo fi ń dá a dúró. Fi nọ́ńbà sára ìlà kọ̀ọ̀kan, kí o lè rí èyí tó bá sọnù lọ́nà. Ìyára tó ń da ẹrù sílẹ̀ kì í ṣe ìyára.

Ti ìdáhùn kéékèèké, bẹ̀rẹ̀ aago kí o tó béèrè, dá a dúró nígbà tí ìdáhùn bá pé. Kọ gbogbo 1,000 sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wo èyí tó pẹ́ jù, torí ìpíndọ́gba máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

(Tó bá di pé Raspberry Pi Pico, pátákó kékeré tó ní USB tirẹ̀, lo lò lọ́jọ́ kan, tí o ki USB rẹ̀ tààrà, 115200 yẹn kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. USB fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìyára.)

Wọn méjèèjì kí o tó yí 16 sí 1, kí o tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ti fáìlì ńlá kò ní kúrò ní 87. Ti ìdáhùn kéékèèké, bí ẹ̀rọ rẹ kò bá fúnra rẹ̀ lọ́ra láti dáhùn, kò yẹ kó ju bí ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ.