Ọ̀bẹ ìdáná àti ìbọn kì í ṣe ẹgbẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Olè ti jà ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ mi sì fẹ́ ra ìbọn sínú yàrá. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní ìbọn kì í pa ènìyàn, ènìyàn ní í pa ènìyàn. Ó tún ní ẹni tí inú bá bí, ọ̀bẹ ìdáná tó o. Níbo la ti ń gba ìwé àṣẹ ìbọn? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ. Ìbọn ìléwọ́ ní tirẹ̀, òfin kò gbà á fún aráàlú àfi tí Ààrẹ bá yọ̀ǹda. Dókítà ni mí o, n kì í ṣe lọ́yà. Ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọkọ yín sọ ló ká mi lára. Ó ti sú mi í gbọ́. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ wọn ń sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà tíátà ní Ṣágámù níbí.

Mo ti rán apá ọkùnrin kan tí ìbátan rẹ̀ gún lọ́bẹ nítorí ilẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹni tó gún un ló ń gbé ìkòkòrẹ́ wá fún un. Ìjà ilẹ̀ náà ló gbé ẹnì kejì wá, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ló wà nílé tiwọn. Ọ̀nà tí ọ̀bẹ bá gbà nìkan ló ń gé. Ọta ìbọn a máa fa ẹran ara ya, a fọ́ egungun, a sì gbé ìdọ̀tí wọnú ara. Èérún irin àti àjákù àǹkárá ni mo ń ṣà nínú ikùn ọkùnrin yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò yè é. Àbúrò rẹ̀ tó yìnbọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wí pé òun ò fẹ́ pa á. Mo gbà á gbọ́.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ yín ti gbòde, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìbọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ọkùnrin kan mú ọ̀bẹ wọ ilé ìwé ní Ṣáínà, ó ṣá ọmọ 23. Kò sí èyí tó kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹlòmíràn gbé ìbọn wọ ilé ìwé Sandy Hook ní Amẹ́ríkà: ọmọ 20 àti àgbà 6 ló pa níbẹ̀. Lọ́dún 2021, ìbọn pa 48,830 ènìyàn lọ́dọ̀ wọn, 26,328 nínú wọn ló sì yìn ín pa ara wọn. Olè kọ́ ló pa wọ́n. N kò sọ pé ọ̀bẹ kì í pa ènìyàn o. Ẹni tí ọ̀bẹ bà máa ń bá mi láyé ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí ó bá rà á náà, ọta kò gbọdọ̀ gbé inú rẹ̀. Kí ó ti ìbọn mọ́ ibì kan, kí ó ti ọta mọ́ ibòmíràn, kí àwọn ìbejì má sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ìbọn bá wá ba ẹnikẹ́ni, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ gba ìwé lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá: òfin ọdún 2017 ti ní kí ilé ìwòsàn tọ́jú rẹ̀ láìbéèrè ìwé yẹn. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ máa gbé e bọ̀.