Èsì: Wákàtí mẹ́fà ní Valletta pẹ̀lú Màmá

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o. Ẹ ní ọkọ̀ ojú omi yín máa dúró fún wákàtí mẹ́fà ní Valletta, ní Malta, ẹ sì ń bẹ̀rù pé orúnkún Màmá ò ní gba òkè. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ odi ìlú ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ẹ̀rọ agbéniròkè Barrakka, tó ga tó mítà 58, ò sì jìnnà síbẹ̀. Inú ọgbà Upper Barrakka ló máa gbé yín dé. Ẹ wá ìjókòó fún Màmá kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, torí wọ́n máa ń yin àgbá nísàlẹ̀ ọgbà náà. Ẹ tètè sọ fún Màmá, kí àyà wọn má baà já.

Ṣọ́ọ̀ṣì St John ni mi ò ní gbà kí ẹ fò. Tẹ́ ẹ bá wò ó níta, bí ilé lásán ló rí, àmọ́ wúrà ló kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwòrán bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí wà, èyí tí Caravaggio yà ní 1608. Omi bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀. Ẹ má wọ bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó lọ o: òkúta ibojì àwọn jagunjagun Ẹgbẹ́ St John, ẹgbẹ́ ajagun ìjọ Kátólíìkì tó tẹ Valletta dó ní 1566, lẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kì í gba àlejò afẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

Bí àyè bá ṣì wà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré sọdá sí Birgu, ìlú tó wà ní òdìkejì èbúté.