Ẹ má tíì sanwó motherboard: laptop àlòkù tó kọ̀ tí kò tàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní laptop àlòkù náà tàn dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, ẹ lò ó di alẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì títí, kò dún, kò tàn. Atúnṣe kan sì wò ó fìrí, ó ní motherboard, pátákó ńlá inú rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ti jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un ní kọ́bọ̀.

Irú rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo gbà pé motherboard ni, mo sì sanwó rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tàn lọ́dọ̀ wọn, mo fi ìdùnnú gbé e délé. Ọjọ́ kejì, ó tún kú. Mo gbé e padà, ó tún tàn lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀ kí n tó bi ara mi ní ohun tó yẹ kí n ti bi láti ọjọ́ kìíní: kí ló wà lọ́dọ̀ wọn tí kò sí lọ́dọ̀ mi? Ṣájà ni. Wọn kì í lo tèmi, tiwọn ni wọ́n ń fi sí i. Bátìrì á yó lọ́dọ̀ wọn, màá gbé e délé, màá lò ó títí bátìrì á fi gbẹ, ṣájà tèmi ò sì fún un ní nǹkan kan. Ebi ló ń pa ẹ̀rọ mi, kì í ṣe àìsàn.

Iná orí ṣájà mi ń tàn ní gbogbo ìgbà yẹn, òun ló sì tàn mí jẹ. Ohun tí iná yẹn ń sọ ò ju pé iná ògiri ti dé inú àpótí ṣájà lọ. Kò sọ pé ó gba inú okùn dé ẹnu rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ìka méjì di okùn náà mú níbi tó ti so mọ́ ẹnu tó ń wọ laptop, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ọ̀tún. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ laptop ṣẹ́jú. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́jú. Mo yọ ṣájà kúrò lára ògiri, mo fi abẹ bó okùn náà: wáyà inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti já, fọ́nrán bíi mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù tó ń kan ara wọn.

Nítorí náà, ṣájà lẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó bá ẹ̀rọ àlòkù wá lè má jẹ́ tirẹ̀ rárá. Ẹni tó ń tà á lè mú èyíkéyìí tí ẹnu rẹ̀ bá ti wọ ihò. Ẹ dojú laptop dé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá ka ti ara ṣájà. Fóòtì méjèèjì (nọ́ńbà tó ní V, agbára tí iná fi ń tì) gbọ́dọ̀ bára mu. Ámpíà (èyí tó ní A, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) ti ṣájà lè ju ti laptop lọ, kò léwu, torí ìwọ̀n tí laptop bá fẹ́ ló máa fà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré sí i. Tí laptop bá ń béèrè 19.5V àti 4.62A, 90W nìyẹn (ẹ fi V sọ A di púpọ̀, W ló máa jáde), ṣájà 19.5V àti 2.31A, 45W péré ni, ẹnu àwọn méjèèjì sì lè jọra bí ìbejì. Tó bá jẹ́ Type-C, ẹnu kékeré pẹlẹbẹ bíi ti fóònù òde òní, ni wọ́n fi ń ṣájì í, ẹ má fi ṣájà fóònù dán an wò kí ẹ wá ní ó ti kú: ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kọjá 5V tàbí 9V, bẹ́ẹ̀ 20V ni ọ̀pọ̀ laptop ń retí.

Ẹ yá èyí tó bá a mu gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ní irú laptop yẹn. Ẹ fi sí i, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tẹ nǹkan kan, torí bátìrì tó ti gbẹ kanlẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jí.

Tí kò bá tíì tàn, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì pẹ̀lú, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún bíi 30 ìṣẹ́jú àáyá. Iná díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ, ó sì lè mú kí apá tó ń darí títàn rẹ̀ há. Èyí ló máa ń tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣájà nìkan sí i. Tó bá tàn, iná tó há yẹn tàbí bátìrì ló ni ẹjọ́. Àwọn kan wà tí kì í tàn láìsí bátìrì, nítorí náà tí ó bá ṣì kọ̀, ẹ dá bátìrì padà kí ẹ tún gbìyànjú. Tó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí tí wọ́n fi skúrù dè ni bátìrì wà, okùn tó so ó mọ́ motherboard nìkan lẹ máa yọ. Mo sì bẹ̀ yín, tí bátìrì bá ti wú, tí ara laptop ti ń là tàbí tí kò pa dé mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì ṣájì í mọ́. Ó lè gbiná.

Ẹ̀rọ tún lè ti tàn kí ojú rẹ̀ dúdú. Ẹ sún etí mọ́ ọn: ṣé fáànù ń yí? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn; tí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ló kú. Tí fáànù bá ń yí tí ẹ ò sì rí nǹkan kan, RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ni èmi máa ń kọ́kọ́ yọ. Ẹ fi irésà nu ẹnu rẹ̀ aláwọ̀ wúrà jẹ́jẹ́, ẹ dá a padà kó jókòó dáadáa. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dán an wò.

Tí omi bá ti dà sí i, tàbí tó ń rùn bí ohun tó jó, ẹ má dán ìkankan wò nínú ìwọ̀nyí, ẹ yọ ṣájà, ẹ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n kódà níbẹ̀, “ó ti jó” kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ ní kí atúnṣe fi mítà, ohun tí wọ́n fi ń wọn iná, hàn yín ibi tí iná dúró sí: ṣé ó dé ihò ṣájà? Ṣé ó kọjá ibẹ̀? Mo ti rí laptop tó kú pátá nítorí kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń fi iná pamọ́ lórí motherboard, kan ṣoṣo tí kò tó orí ìṣáná. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi òmíràn sí i, ó tàn, motherboard kan náà ló sì ń lò di òní. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní bínú tí ẹ bá béèrè. Èyí tó bá bínú, ẹ gbé ẹrù yín kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ wá ṣájà yẹn lónìí. Tí ẹ bá ti fi sí i, ẹ sọ fún mi bóyá iná ẹ̀gbẹ́ laptop tàn, irú àwọ̀ tó jẹ́, àti bóyá ó ń ṣẹ́jú. Ibẹ̀ la ó ti mọ èyí tó kàn.